Mikel Obi: kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an lórí pápá?

Bí ẹ bá ti wo bọ́ọ̀lù Chelsea rí nílé ìwòran láàárín ọdún 2006 sí 2016, ó dájú pé ẹ ti gbọ́ gbólóhùn yìí: "Mikel yìí, kò sóhun tó mọ̀ ju kó dá bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn lọ." Èmi náà ti sọ ọ́ rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kan, èmi àti àbúrò kan ládùúgbò fa ọ̀rọ̀ náà títí tá a fi ta ìgò Malta kan lé e, ariwo wa sì pọ̀ débi tí onílé ìwòran fi ní ká bọ́ síta lọ parí ẹ̀, ká jẹ́ káwọn tó sanwó gbádùn owó wọn. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ló tó yé mi pé ohun tí mò ń bú ọmọkùnrin yẹn fún gan-an ni ohun tí wọ́n ń sanwó fún un pé kó máa ṣe.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nìyí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 372 ni John Obi Mikel gbá fún Chelsea, góòlù 6 péré ló gbá sáwọ̀n. Ọdún 2006 ló wọ Premier League, oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013 ló tó jẹ góòlù àkọ́kọ́ níbẹ̀, nígbà tí wọ́n pàdé Fulham. Síbẹ̀ ó gba líìgì lẹ́ẹ̀mejì, FA Cup lẹ́ẹ̀mẹrin, ó gba Champions League, ó gba Europa League. Tó bá sì délé, tó wọ aṣọ Super Eagles, nọ́ńbà 10 ló máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ńbà tí Jay-Jay Okocha sọ di ohun ọ̀ṣọ́. Àwọn kan ní àwọn Òyìnbó ló ba ọmọ wa jẹ́. Àwọn kan ní ó ń fi agbára pamọ́ tó bá dọ̀rọ̀ Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹjọ́ yìí ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tá à ń pè ní "àárín" lórí pápá kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ẹ wo àwọn onídùndún níbi òde ìyàwó. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Òun ló ń ki olówó, tó ń pe orúkọ bàbá ìyàwó, òun náà lowó ń lẹ̀ mọ́ níwájú orí. Onígúdúgúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìlù kékeré lọ́rùn, ohun kan náà ló ń lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sẹ́ni tó ń wá a kiri láti ná an lówó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ó rí i bí ẹsẹ̀ oníjó ṣe máa dàrú, tí ìyáàlù fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà. Agbábọ́ọ̀lù àárín tó ń wọ nọ́ńbà 10 ni ìyáàlù: iwájú ló dojú kọ, tó ń ya èèyàn sílẹ̀, tó ń fi bọ́ọ̀lù pọ́nbélé sílẹ̀ fún ẹni tó máa jẹ góòlù. Ẹni tó dúró sílẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà 6, ni gúdúgúdú.

Ìyáàlù ni Mikel nígbà tó kúrò nílé. Gúdúgúdú ni Chelsea gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Gbogbo gòkè-gẹ̀rẹ̀ tó bá a lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ti wá.

Ìlú Jos ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1987. Michael ni orúkọ tí wọ́n fi ń pè é. Lọ́dún 2003, nígbà tí àwọn Golden Eaglets ń lọ sí Finland fún ife àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọmọ ọdún 17 lọ, ẹni tó kọ orúkọ sílẹ̀ ní àjọ bọ́ọ̀lù wa kọ ọ́ ní "Mikel". Ó dùn mọ́ ọmọ náà, ló bá gbà á lò. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, àmọ́ ti Mikel, akọ̀wé ló so ìjánu mọ́ ọn lẹ́nu. Ọdún 2005, ó bá ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa lọ sí Netherlands lábẹ́ Samson Siasia. Wọ́n dé àṣekágbá, Argentina sì fi 2-1 borí wọn. Pẹnáritì ni góòlù méjèèjì tí wọ́n jẹ wá, Lionel Messi ló gbá wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jù nínú ìdíje náà, Messi ṣe ìkíní, Mikel ṣe ìkejì, Taye Taiwo wa ṣe ìkẹta. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tí wọ́n fi sẹ́yìn Messi nìkan nínú gbogbo ọ̀dọ́ àgbáyé ọdún yẹn, iwájú ló ń gbá.

Kí ìdíje yẹn tó bẹ̀rẹ̀ ni rògbòdìyàn ti bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀. Èyí ló ṣòro jù láti yé èèyàn nínú ìtàn rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ tú u. Ẹgbẹ́ Lyn, nílùú Oslo ní Norway, ni Mikel wà. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2005, ọ̀sẹ̀ kan géérégé lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún 18, Manchester United kéde pé àwọn àti Lyn ti parí ọ̀rọ̀, mílíọ̀nù 4 pọ́n-ùn. Wọ́n gbé aṣọ United lé ọmọ náà lọ́wọ́, nọ́ńbà 21, wọ́n ya fọ́tò. Kò pẹ́ tí Chelsea fi ní irọ́ ni, pé àwọn ti bá ọmọ náà àti àwọn aṣojú rẹ̀ sọ̀rọ̀ tipẹ́, àwọn sì ti jọ ní àdéhùn. Nínú oṣù Karùn-ún, Mikel poorá ní Oslo. Ibi tí wọ́n ti padà gbúròó rẹ̀ ni London, níbi tó ti sọ pé ńṣe ni wọ́n ti òun láti fọwọ́ síwèé, láìsí aṣojú òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí l'Ékòó, ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣòro fún un. Ilẹ̀ kan, ènìyàn méjì, kálukú ní ohun tó fi ń fọ́nnu. United ní ìwé: Lyn ti gbà, ọmọ náà ti fọwọ́ sí i. Chelsea ní ọkàn ọmọ náà àti ti àwọn aṣojú rẹ̀. Nínú òfin bọ́ọ̀lù, aṣojú kò ni agbábọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn ló ni ìwé àdéhùn rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tí FIFA fi pàṣẹ ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn pé kó padà sí Lyn. Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí ilẹ̀. Ẹ lè fi ọ̀pá yí ilẹ̀ ká kẹ́ ẹ sì gba ilé yín lọ, ẹ kò lè fi ọ̀pá yí ọmọ ọdún 18 ká kẹ́ ẹ ní kó máa fi tayọ̀tayọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún yín. Ìwé United dáa, ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé náà ń sọ nípa ẹ̀ kò fẹ́ wá.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 2006 ni wọ́n tó yanjú ẹ̀. Chelsea san mílíọ̀nù 16 pọ́n-ùn: mílíọ̀nù 4 fún Lyn, mílíọ̀nù 12 fún United. Àwọn èèyàn ṣì ń bèèrè dòní pé báwo ni United ṣe rí owó tó tó yẹn gbà lórí ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù kan rí fún wọn. Ìwé ni wọ́n tà. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní láti mú ọmọ náà ni Chelsea rà lọ́wọ́ wọn kí ọ̀nà lè là. Nígbà tó dé Chelsea, nọ́ńbà 12 ni wọ́n fún un, 21 ọjọ́sí tí wọ́n dojú ẹ̀ kọdí. Kò ní ìtumọ̀ kankan, ó kàn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni.

Wàhálà yẹn gba ọdún kan gbáko lọ́wọ́ ọmọ tó yẹ kó máa fi ojoojúmọ́ dàgbà lórí pápá. Nígbà tó sì dé London, ẹ wo àwọn tó bá láàárín: Frank Lampard, Michael Ballack, Michael Essien, Claude Makélélé. Lampard ni ìyáàlù wọn, góòlù 211 ló sì padà jẹ fún Chelsea, kò sẹ́ni tó jẹ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà. Ta ló máa yọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ọdún 19? Ibi tí àyè ti máa tó ṣí sílẹ̀ ni ẹ̀yìn, nítorí Makélélé ti lé ní ọdún 33. José Mourinho, akọ́nimọ̀ọ́gbá Chelsea nígbà náà, wo ọmọ náà: ó ga, ara rẹ̀ gbà á, bọ́ọ̀lù kì í bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bọ̀rọ̀, kì í kánjú. Ó gbé e lọ sídìí iṣẹ́ Makélélé. Ìbẹ̀rẹ̀ ò rọrùn. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2006, wọ́n lé e jáde nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn pẹ̀lú Reading, bẹ́ẹ̀ kò tíì lo ju oṣù díẹ̀ lọ níbẹ̀. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń gba bọ́ọ̀lù kọjá lára èèyàn ń kọ́ bí a ṣe ń gbà á padà lọ́wọ́ èèyàn, ẹsẹ̀ á ṣáà máa ṣìnà nígbà míì.

Kí wá ni nọ́ńbà 6 ń ṣe? Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni kó dúró síbi tó yẹ. Ó jọ yẹpẹrẹ, àbí? Àmọ́ tí Ashley Cole bá sáré gba ẹ̀gbẹ́ òsì lọ síwájú, ihò ńlá ti ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sún lọ síbẹ̀ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí ihò náà. Tí nọ́ńbà 10 àwọn ọ̀tá bá ń wá ibi tó máa dúró gba bọ́ọ̀lù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ kó tó dé. Bí ó bá ṣe é dáadáa, wọn ò ní fún ẹni yẹn ní bọ́ọ̀lù rárá, kámẹ́rà ò sì ní rí nǹkan kan. Iṣẹ́ tó dára jù lọ́wọ́ nọ́ńbà 6 kì í hàn, nítorí ewu tí ì bá ṣẹlẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ mọ́.

Bọ́ọ̀lù tó lọ sẹ́yìn ńkọ́, èyí tí à ń tìtorí ẹ̀ jà? Ẹ fojú inú wò ó. Àwọn ọ̀tá ti kóra jọ síwájú yín bí ọlọ́jà ọjọ́ ọdún, kò sí àlàfo. Tẹ́ ẹ bá fi agídí gbá a síwájú, wọ́n á gbà á, ihò tó wà lẹ́yìn yín ni wọ́n á bá sáré. Tẹ́ ẹ bá dá a padà sọ́dọ̀ John Terry, ó di dandan kí ẹnì kan tàbí méjì nínú wọn yọ jáde láti lé e. Bí wọ́n bá ṣe yọ jáde, àlàfo ṣí. Terry á dá a padà fún Mikel, Mikel á yí i sí apá kejì, Lampard á sì gbà á níbi tí kò sí èrò. Àwa tá a wà lórí àga onípákó, ìgbá àkọ́kọ́ tó lọ sẹ́yìn nìkan là ń rí. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń rí gbogbo rẹ̀, bóyá ìyẹn ló fà á tí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń wọlé tó ń jáde ní Chelsea fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí Mikel ò sì kúrò níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Mi ò sọ pé kò ní àbùkù o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbìyànjú láti gbá a láti ọ̀nà jíjìn. Ní ọjọ́ tí Chelsea bá nílò góòlù kánkán, òun ló máa ń tètè jáde, èmi náà kò sì ní fi í sílẹ̀ tó bá jẹ́ pé èmi ni akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Ọjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ fi dá a lẹ́jọ́ ni 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ní Munich. Àṣekágbá Champions League, Bayern Munich sì ni wọ́n fẹ́ bá gbá nínú pápá ìṣeré Bayern fúnra wọn. John Terry, Branislav Ivanović, Ramires àti Raul Meireles ò lè gbá nítorí ìjìyà káàdì. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjì tó wà láàárín, Gary Cahill àti David Luiz, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti inú ìpalára ni. Mikel àti Lampard ló kù láti di àárín mú. Bayern gba kọ́nà 20. Chelsea gba ẹyọ kan, ẹyọ kan náà ni Didier Drogba fi orí kàn wọ àwọ̀n ní ìṣẹ́jú 88, lẹ́yìn tí Thomas Müller ti jẹ tiwọn. Petr Čech mú pẹnáritì Arjen Robben ní àfikún àkókò. Pẹnáritì ni wọ́n fi parí ẹ̀, Chelsea sì gbé ife lọ. Orin Drogba àti Čech la kọ lóru ọjọ́ náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ìṣẹ́jú 120, ẹnì kan ni wọ́n ń bá pàdé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gba àárín kọjá, nọ́ńbà 12.

Ti Nàìjíríà wá ńkọ́? Okocha ti fi Super Eagles sílẹ̀ lẹ́yìn ife Áfíríkà ọdún 2006, àwa sì ń wá Okocha míì. Ẹni tó kéré, tó ti ṣe ìkejì Messi, ló wà nílẹ̀. A gbé nọ́ńbà 10 fún un, a ní kó ya èèyàn sílẹ̀ bí Okocha. Àmọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì ní London, nǹkan mìíràn pátá ni wọ́n ń kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń fi ọjọ́ márùn-ún lu gúdúgúdú tó máa fi ọjọ́ kan sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù tó dá ṣáṣá. Kò sì sí nínú ikọ̀ tó lọ Beijing fún Òlíḿpíìkì 2008. Orúnkún ò sì jẹ́ kó lọ sí ife àgbáyé South Africa ní 2010. Ìbínú àwọn èèyàn wá ń pọ̀ sí i.

Stephen Keshi, akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Eagles nígbà náà, ló tú u sílẹ̀. Ní ife Áfíríkà ọdún 2013, ó fi Mikel síbi tí bọ́ọ̀lù ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ó fi Ogenyi Onazi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti máa sáré, Sunday Mba sì ń lọ síwájú. Mikel kò ní láti ya ènìyàn mẹ́ta kó tó di Mikel. Ọjọ́ 10 oṣù Kejì, ní Johannesburg, Mba jẹ góòlù kan ṣoṣo tá a fi na Burkina Faso, ife wọlé. Nígbà tí wọ́n yan agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tó dára jù fún ọdún yẹn, Yaya Touré ló gbà á, Mikel ṣe ìkejì. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tó máa ṣe ìkejì nínú ayé rẹ̀, àwọn tó sì wà níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì kì í ṣe èèyàn kékeré.

Kí ẹ má bàa sọ pé kò mọ góòlù jẹ mọ́ rárá, ẹ wo Salvador, ní Bahia, níbi tí ọmọ Odùduwà pọ̀ sí jù ní Brazil. Oṣù Kẹfà 2013, Confederations Cup, ó yí mọ́ àwọn ará Uruguay lẹ́yìn, ó gbá a wọ àwọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n padà fi 2-1 borí wa. Oṣù Kẹjọ 2016, Òlíḿpíìkì, pápá kan náà, òun ló kọ́kọ́ jẹ góòlù nígbà tá a na Denmark 2-0. Òun ni balógun ikọ̀ náà, ikọ̀ tí owó kì í tètè dé bá, wọ́n sì gba idẹ wálé. Bí ará Bahia kan bá sọ fún yín pé agbábọ́ọ̀lù tó ń jẹ góòlù ni Mikel, ẹ má bá a jiyàn, ohun tó fojú rí ló ń sọ.

Òlíḿpíìkì yẹn ná an ní nǹkan. Ìgbà tó wà ní Brazil ni Antonio Conte, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, ń to ilé rẹ̀ ní Chelsea. N'Golo Kanté ti dé, ẹsẹ̀ méjì tó ń ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí Mikel fi máa padà, àyè ti kún. Oṣù Kìíní ọdún 2017 ló lọ sí Tianjin TEDA ní China. Lẹ́yìn ìyẹn, Middlesbrough, Trabzonspor ní Turkey, Stoke City, Kuwait SC. Ẹni tó bá ń wo ìrìn àjò yìí láti òkèèrè á sọ pé ó ń já wálẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń rí nìyẹn. Nọ́ńbà 6 lè fi ọpọlọ dí àìyára ẹsẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń pẹ́ ju ti àwọn ọmọ iwájú lọ, àmọ́ ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọpọlọ á ti débẹ̀ tí ẹsẹ̀ ò ní tíì dé. Ti Turkey tiẹ̀ yàtọ̀: oṣù Kẹta 2020, nígbà tí Kòrónà ń pa èèyàn, ó kọ ọ́ sórí Instagram pé kò yẹ kí wọ́n ṣì máa gbá bọ́ọ̀lù, kò sì pẹ́ tí òun àti Trabzonspor fi pínyà.

Ohun kan ṣì wà tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ góòlù. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n jí bàbá rẹ̀ gbé. Ẹ̀ẹ̀kíní, oṣù Kẹjọ 2011, Jos ni wọ́n ti jí i gbé, Mikel sì lọ bá Stoke gbá fún Chelsea bí bàbá ti wà lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Ẹ̀ẹ̀kejì, 26 oṣù Kẹfà 2018, wákàtí mélòó kan kí Nàìjíríà tó pàdé Argentina nínú ife àgbáyé ní St Petersburg ni fóònù dún. Kò sọ fún àjọ bọ́ọ̀lù, ó wọ aṣọ, ó mú àwọn ọmọ jáde bí balógun. 1-1 là ń gbá títí di ìṣẹ́jú 86 tí Marcos Rojo fi gbá èkejì wọlé. Nílé ìwòran wa, àwọn kan ń bú Mikel lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé ó jọ pé ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì oṣù Keje ni ọlọ́pàá gba bàbá náà sílẹ̀, nígbà náà la tó gbọ́.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ló kéde pé òun ti fẹ̀yìn tì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 91 ló gbá fún Nàìjíríà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣí fídíò Munich lórí fóònù mi, mo sì pinnu pé mi ò ní wo bọ́ọ̀lù. Nọ́ńbà 12 nìkan ni mo tẹjú mọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ó ń rìn síbí, ó ń rìn sọ́hùn-ún, ó ń na ọwọ́ fún ẹni tó yẹ kó sún, ó ń bojú wẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá fi pé, mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí àbúrò tá a jọ tahùn síra lọ́jọ́sí, ó ti wà ní Canada báyìí. Mo ní, "Òótọ́ lo sọ lórí Mikel." Kò bèèrè pé kí ló mú mi rántí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgò Malta mi dà?"